Ẹni Tó Dúró fún Naimat

Ọjọ́bọ̀, 12/6/2008

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti káńsù dé. Mi ò tíì jẹun, mi ò sì fẹ́ jẹ, inú tó ń bí mi ti tó oúnjẹ. Ọ̀gá tó wà nídìí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní kí n má dààmú ara mi, pé tí mo bá fẹ̀yìn tì ní oṣù Kọkànlá, wọ́n á máa mójú tó Ìdí-Ọsàn láti Ọ̀tà. Mo ní báwo lèèyàn ṣe ń jókòó sí Ọ̀tà gbẹ̀bí ní Ìdí-Ọsàn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nọ́ọ̀sì tuntun tí àwọn bá rán lọ sí irú ìlú bẹ́ẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ á ti wá ẹni tó máa bá a bẹ̀bẹ̀, á ti padà sí Ṣángò. Ó ní kí ni kí òun wá ṣe.

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀kan ò sùn mọ́jú. Ó ní òun ò lè fara da ariwo ọ̀pọ̀lọ́. Ẹni tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ lọ́wọ́ ikú, ọ̀pọ̀lọ́ ló lé e lọ.

Òjò ti ba ọ̀nà Àtàn jẹ́. Ọlọ́kadà gba ọgọ́rin náírà lọ́wọ́ mi níbi tí wọ́n ti ń gba àádọ́ta, ó tún dà mí sínú ẹrẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17/6

Ìyàwó Fàlílù bímọ lónìí, obìnrin ni. Ọmọ dé wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ìyá kọ̀, kò dá. Òjò ń rọ̀, kò sí ọkọ̀ tó lè jáde. Èmi àti Fadékẹ́ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn la dúró tì í títí ẹ̀jẹ̀ fi dá.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, Fadékẹ́ bi mí pé, "Mọ́mì, tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tẹ́ ẹ lọ tán ni eléyìí ṣẹlẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní kó lọ fọ ilẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28/6

Ọlọ́run ò sùn. Ìjọ ńlá kan tó ń kọ́ gbọ̀ngàn sí ọ̀nà Ìdíròkò ti dá ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìgbèríko. Iṣẹ́ tó bá máa wúlò fún ìlú ọmọ náà ni wọ́n máa rán an lọ kọ́, wọ́n á san gbogbo owó, ọmọ á sì padà wá fi ọdún márùn-ún ṣiṣẹ́ náà nílé. Gbogbo ọ̀nà yẹn ti di ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì, kò sí ìgbà tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá tí mi ò kì í ráhùn sí ariwo gbohùngbohùn wọn. Ó dáa, mo gbà, wọ́n wúlò lẹ́ẹ̀kan.

Naimat ọmọ Àmọ̀dá ni mo fẹ́ kó lọ. Láti oṣù Kẹrin ló ti yege ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí, owó ni kò sí. Bàbá rẹ̀ ń bá wọn yọ́ irin ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣángò, ohun tó ń gbà ò ju ti ẹnu lọ. Láti kékeré lọmọ yìí ti ń wá jókòó tì mí níbi iṣẹ́. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn, àwọn àgbàlagbà á máa sá jáde, òun á máa béèrè pé kí ni kí òun gbé wá.

Mùsùlùmí ni wọ́n, owó sì jẹ́ ti oníṣọ́ọ̀ṣì, mo rò pé ibẹ̀ ni wàhálà máa ti wá. Mo lọ bá Lèmọ́mù kí n tó bá ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ṣé wọ́n ní kó fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀ ni?"

Mo ní rárá.

Ó ní, "Kó máa lọ, jàre."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5/7

Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Eléyìí fọ́, ó sì ta sí gbogbo wa láṣọ.

Akọ̀wé ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ yẹn ló wá. Adérógbà ni wọ́n ń pè é, ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó wọ kóòtù nínú ooru, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún àwọn àgbà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn kó tó la ẹnu. Mo ní kó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kí n máa túmọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mà, ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé ni mí."

Gbogbo ìlú jókòó síwájú mọ́sáláṣí. Ó dìde, ó ní ìjọ òun máa san owó ilé-ìwé Naimat, ìjọ máa fún un ní aṣọ, ìjọ máa wá ibi tó máa sùn fún un. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ó wá ní, "Tó bá ti parí, yóò sìnrú fún ọdún márùn-ún. Tí kò bá sìnrú náà pé, ẹni tó dúró fún un la máa mú."

Sìnrú.

Mo mọ ohun tó ní lọ́kàn. Àwọn àgùnbánirọ̀ ló ń rò. Rédíò ń pe iṣẹ́ wọn ní ìsìnrúùlú, kò sì sẹ́ni tó ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí ọmọ yunifásítì ló ń ṣe é, wọ́n sì ń ya fọ́tò nínú aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìdí-Ọsàn kì í ṣe yunifásítì. Àtẹ́wọ́ dákẹ́. Mo fẹ́ dìde, àfi bí Ìyá Ràfátù ṣe ti dìde ṣíwájú mi. Òun ni ìyá tó bí Àmọ̀dá, òun ló tọ́ Naimat dàgbà látìgbà tí ìyá ọmọ ti kú.

Ó ní, "Ọmọkùnrin, o ní ẹ máa san owó lórí ọmọ mi. Ó máa wá fi ara rẹ̀ sin owó náà. Tó bá sá, ẹ máa mú onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ṣé mo gbọ́ ọ dáadáa?"

Adérógbà rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn pé ọ̀rọ̀ yé arúgbó. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màmá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa."

Màmá ní, "Ìwọ̀fà lo wá mú níbí."

Ó fa Naimat lọ́wọ́, wọ́n lọ sílé. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ìdí aṣọ wọn, wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Adérógbà ń wò mí, ó ní, "Mà, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ọjọ́ Àìkú, 6/7

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tí mo bá lọ, ìbínú ni màá gbé síwájú Ọlọ́run, ó sì ti rí ìyẹn tó lọ́wọ́ mi.

Kí ló ń ṣe àwọn ọmọ ìsinsìnyí? Ẹ̀dá ò gbọ́ Yorùbá, kò sì jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ ọ bá òun sọ ọ́. Èmi náà ńkọ́, kí ló dé tí mo fi jókòó? Mo fi ọwọ́ lẹ́rán, mò ń wo kóòtù rẹ̀.

Ọjọ́rú, 9/7

Mo lọ bá Ìyá Ràfátù nílé. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ ọjọ́ sí, àṣìsọ ni. Kì í ṣe ìrú. Iṣẹ́ ni. Ìjọba á máa san owó oṣù fún Naimat bí wọ́n ṣe ń san fún mi."

Ó ní, "Tó bá jẹ́ iṣẹ́, ṣé ó lè fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá sú u?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa ẹ̀gúsí.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Kò lè fi í sílẹ̀ títí ọdún márùn-ún fi máa pé. Ṣùgbọ́n, Màmá..."

Ó ní, "O ṣeun. Jókòó, jẹ́ kí wọ́n fún ọ lómi."

Mi ò mu omi kankan. Àmọ̀dá sìn mí dé ìta. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú sí Ìyá wa. Wọ́n ṣe ìwọ̀fà rí, nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Wọn kì í sọ ọ́."

Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń gbé ìlú yìí. Mo mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, mo mọ ọmọ tí kì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ èyí fún mi. Ó wá dà bíi pé èmi ni mo gbé ọ̀pá gún arúgbó lójú ọgbẹ́, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́, Adérógbà ni. Inú tún bí mi sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15/7

Òjò láti àárọ̀. Òrùlé yàrá ìgbẹ̀bí ń jò. Gààrí tún ti gbówó lórí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 21/7

Naimat ti di òṣìṣẹ́ kàṣúà. Bàbá rẹ̀ mú un lọ sí ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ṣángò. Ìdíkọ̀ Àtàn ni mo ti pàdé àwọn méjèèjì láàárọ̀ yìí. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, kò wò mí lójú.

Mo bi Àmọ̀dá pé ṣé orí rẹ̀ pé. Níwájú gbogbo èrò ni mo ti bi í. Mo ní, "Ọmọ tó yege ìdánwò tí ẹgbàágbèje ọmọ ń fìdí rẹmi nínú rẹ̀, o wá fi í sídìí ike?"

Ó ní, "Mọ́mì, ta ni kí n bá jà? Ìyá tó bí mi ni."

Mo ní, "Ìyá tó bí ọ ń ba ayé ọmọ rẹ jẹ́."

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́." Ohùn rẹ̀ ò le rárá, ìyẹn ló mú kó dùn mí. Ọkọ̀ wọn dé, wọ́n wọlé. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra, ẹ̀jẹ̀ ríru o." Mo ní kó máa ta búrẹ́dì rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 24/7

Mo lọ sí ọ́fíìsì Adérógbà ní Ìyànà Ìyẹsí. Ẹ̀rọ amúlétutù wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di ẹja dídì. Wọ́n ní kí n dúró, mo dúró. Wọ́n ní kí n tún dúró, mo wọlé.

Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, tọkàntọkàn ni mo fi ń bi yín o, kí ni mo sọ tí kò dáa? Ìsìnrúùlú náà ni rédíò ń pè é. Nínú ìjọ wa náà, a máa ń sọ pé ká sin Olúwa."

Mo ní, "O sin Olúwa, o dáa. Ta ni kí Naimat wá sìn? O dúró níwájú arúgbó tí wọ́n fi yáwó rí, o ní ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa sìnrú. O tún ní tí kò bá sìn ín tán ẹ máa mú ẹlòmíì. Ọ̀nà wo ni wọ́n tún ń gbà mú ìwọ̀fà?"

Ó jókòó. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òun ò mọ̀ pé irú rẹ̀ ṣì wà láyé. Mo ní àwọn tó ṣe é ṣì ń jẹun, ṣì ń sùn. Ó bẹ̀ mí, ó sì bẹ̀ mí dénú, kí n má parọ́. Ó ní títí di ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹsàn-án ni àyè Naimat ṣì wà, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á gbé e fún ọmọ ìlú míì. Ó ní kí n wá onídùúró kan tí iṣẹ́ rẹ̀ lórúkọ, torí àwọn ọ̀gá òun ò ní gba Àmọ̀dá.

Mo ní kó padà wá sí Ìdí-Ọsàn, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ. Mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tó máa sọ: "Yóò ṣiṣẹ́ fún ìlú rẹ̀." Ó tún un sọ fún mi bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Mo ní ó ti tó, kó má fi nǹkan kan kún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2/8

Ó fi nǹkan kún un.

Kò pe sìnrú. Ó rìn jìnnà sí i, ó ní Naimat máa ṣiṣẹ́ fún ìlú rẹ̀, ó ní owó oṣù ń bẹ níbẹ̀, ó ní kí wọ́n dárí ji òun. Àwọn èèyàn ń mi orí. Ìyá Ràfátù jókòó, ó ń gbọ́. Ọkàn mi ti ń balẹ̀. Ọmọkùnrin yìí wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí Naimat tọwọ́ bọ ìwé ìdè."

Bọ́ńdì ló fẹ́ pè. Ó ń sá fún Gẹ̀ẹ́sì, ó lọ kó sínú ìdè.

Rauf tó ń jó irin ní oríta ní látẹ̀yìn, "Ìdè onírin ni àbí olókùn? Tó bá jẹ́ onírin, ẹ gbé iṣẹ́ wá o, mo ń jó o." Gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín, èmi àti Ìyá Ràfátù. Òun ò bínú lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kí wọ́n fún àlejò lómi, ó ní, "O kú ìrìn, ọmọ mi. Bá mi kí àwọn tó rán ọ."

A ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní ìsàlẹ̀ ló ti wọ́ wá. Ta ló kọ́ ọmọ yìí nílé? Mo sìn ín dé ìdí ọkọ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan, torí tí mo bá sọ ọ́, màá jẹ ẹ̀bi. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé mo gbìyànjú?" Mo ní kó máa lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀, 14/8

Naimat wá lẹ́yìn ṣíìfù, ó fi aṣọ wé ọwọ́. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé etí ike ló gé e ní àtàǹpàkò, ó jinlẹ̀. Mo ń rán an, ó ń wo abẹ́rẹ́, kò ṣẹ́jú. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé kò yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rán àárín?" Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ rán àárín.

Mo bi í pé kí lòun fúnra rẹ̀ fẹ́. Kò sẹ́ni tó tíì bi í, àní èmi náà ò bi í rí.

Ó ní, "Mo fẹ́ lọ, mà. Mo fẹ́ lọ, mo sì fẹ́ padà wá. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ojú Ìyá Àgbà gbolẹ̀. Tí wọn ò bá ṣe àdúrà lé mi lórí, mi ò ní lọ." Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó lọ sílé. Àárọ̀ ọ̀la ó tún máa lọ gé etí ike. Orí mi gbóná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23/8

Mo gbọ́n lónìí, mo rò pé mo gbọ́n. Mo lọ bá Ìyá Ràfátù, mo ní, "Màmá, ẹ má wá onígbọ̀wọ́ kankan mọ́. Èmi ni màá dúró fún Naimat. Tí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́, èmi ni wọ́n máa mú, wọn ò ní kan ilẹ̀kùn yín."

Ó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ó sọ ọ́ fún mi. Bàbá rẹ̀ yá owó láti fi sìnkú ìyá tó bí bàbá náà, ó fi òun sílẹ̀ fún oníṣòwò obì kan ní Ọ̀tà. Òun ò tíì mọ aṣọ ró. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló dúró fún un. Ó ní, "Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí níwájú olówó, ó ní, 'Mo dúró fún ọ, má bẹ̀rù.' Ó wá lọ sílé lọ jẹun. Mò ń bó obì, mò ń ṣa obì, mò ń wo ọ̀nà. Wọ́n ní ọjọ́ ọjà wọ́n á máa wá wò mí. Ẹnikẹ́ni ò wá. Nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ yẹn ò pa mí. Olówó ò nà mí, oúnjẹ rẹ̀ dùn. Ọ̀nà tí mò ń wò ló fẹ́ pa mí. Ìgbà tí mo máa fi padà délé, àwọn àbúrò mi ń bi ìyá mi pé ta nìyí."

Ó ní, "Ìwọ wá fẹ́ dúró fún Naimat."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ní, "Ibo lo máa dúró sí?"

Kò yé mi. Mo ní, "Níwájú àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ni, mà."

Ó ní, "Rárá. Wọ́n ní o ti kọ́lé parí sí Iléṣà. Wọ́n ní o ti ń di ẹrù. Ẹ fẹ́ kí ọmọ mi wá dá gbé nínú ilé ìwòsàn tí gbogbo ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ń sá fún. Òun ò ní lè sá. Ìwọ tó mú un lọ, ìwọ tó dúró fún un, wàá wà ní Iléṣà, wàá máa sinmi. Ṣé ohun tí ẹ̀yin alákọ̀wé ń pè ní dúró nìyẹn?"

Mo dìde. Mi ò dágbére fún un. Àgbàlagbà bíi tèmi, mi ò dágbére.

Ọjọ́ Àìkú, 24/8

Èmi ni wọ́n ń sọ pé mo ń sá. Èmi Ìyábọ̀ Ògúndèjì. Nígbà tí iná kò tíì dé ìlú yìí, tí afárá ò sí, ta ló ń fi àtùpà gbẹ̀bí? Ibí yìí ni ọkọ mi ti wá bá mi, ibí ni àìsàn ti mú un, mo gbé òkú rẹ̀ lọ sí Iléṣà, mo padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e torí ìyàwó ẹnì kan ń rọbí. Ṣé mi ò tíì sinmi tó? Ṣé èèyàn ò lè dàgbà kó lọ sílé ara rẹ̀? Eegun ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo fẹ́ jókòó sí ilé tí òrùlé rẹ̀ ò jò.

Arúgbó náà ò lẹ́tọ̀ọ́. Kò lẹ́tọ̀ọ́ rárá.

Ọjọ́ Ẹtì, 29/8

Àbúrò mi Ògúnlàdé pè láti Iléṣà. Ó ní àwọn tó ń kun ilé ti ṣe tán, ọ̀dà wo ni kí wọ́n fi kun ilẹ̀kùn. Mo jágbe mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dà nìkan ni mo béèrè o."

Ọjọ́bọ̀, 4/9

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìlú dákẹ́ lọ́sàn-án. Òjò padà dé lẹ́yìn ìsinmi oṣù Kẹjọ.

Mi ò rẹ́ni bá jà, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, iṣẹ́ tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ mélòó kan. Gbogbo nọ́ọ̀sì tó sá kúrò níbí ni mo ti bú. Ẹni ọ̀pọ̀lọ́ yẹn, mo bú ìran rẹ̀. Mo wá ń wá ọmọ tí kò ní lè sá, kí èmi lè ráyè lọ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn tí mo bá bọ́ ọ sí ìhòòhò. Inú ń bí mi sí arúgbó yẹn torí pé ó rí i kí n tó rí i.

Mo ṣí àpótí tí mo ti dì, mo kó aṣọ inú rẹ̀ padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mò ń kó o, mò ń sunkún, kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́. Ìbínú ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 5/9

Wọ́n ti kírun Jímọ̀ tán, àwọn èèyàn ò tíì túká. Mo wọ yúnífọ́ọ̀mù mi. Mo ti ní kí Adérógbà wá, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé tó bá la ẹnu, màá fi òwú dí i.

Mo kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Ràfátù, mo ní, "Màmá, mo dúró fún Naimat. Ìdí-Ọsàn ni màá dúró sí. Tí mo bá fẹ̀yìn tì, mi ò lọ. Tó bá wá sí ìsinmi, á bá mi níbí. Tó bá kẹ́kọ̀ọ́ jáde, á bá mi níbí, màá sì wà pẹ̀lú rẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi máa rinlẹ̀."

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó rò pé ìbínú ni, wọ́n rò pé omi ojú ni.

Màmá ní, "Owó oṣù rẹ á dúró."

Mo ní, "Mo mọ̀, mà."

Ó ní, "Tó bá sú ọ ńkọ́? Ta ló dúró fún ìwọ náà?"

Mi ò ro ìyẹn. Mo yíjú wo Adérógbà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu bí mo ṣe pa á láṣẹ. Naimat ló jáde láàárín àwọn obìnrin, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ní, "Èmi ni, Ìyá Àgbà. Èmi ni mo dúró fún Mọ́mì. Mo máa padà wá gbà wọ́n sílẹ̀."

Ìyá Ràfátù gbé ọwọ́ méjèèjì lé ọmọ náà lórí, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, àwọn èèyàn ń ṣe àmín. Àdúrà ọ̀hún gùn. Orúnkún mi ń dùn mí, mi ò dìde.

Ọjọ́ Ajé, 6/10

Naimat lọ. Bàbá rẹ̀ gba ààyè níbi iṣẹ́, ó gbé àpótí rẹ̀ lé orí. Ìyá Ràfátù ò sunkún, ó ní kó máa jẹun. Èmi ni mo bú Naimat torí pé kò mú súwẹ́tà.

Mo pe Ògúnlàdé. Mo ní kó fi ẹnì kan sínú ilé náà kó máa gbé e, kó kun ilẹ̀kùn bó ṣe wù ú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ wá ń bọ̀ wálé?" Mo ní kó bi Naimat. Ó ní ta ni Naimat. Mo gé fóònù.

Ọjọ́ Ẹtì, 28/11

Wọ́n ṣe ìdágbére fún mi ní káńsù. Wọ́n fún mi ní aago ara ògiri, wọ́n sọ̀rọ̀ dídùn tí wọn ò sọ nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá kan ní kí n lọ sinmi dáadáa ní Iléṣà. Mo ní mi ò lọ sí Iléṣà. Ó ní, "Háà, kí lẹ tún fẹ́ máa ṣe níbẹ̀?" Mo sọ ọ́ fún un. Ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe. Títí wọ́n fi gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò jáde, inú ń bí mi sí gbogbo wọn, inú ń bí mi sí ara mi, inú ń bí mi sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ṣángò. Ọ̀la mi ò ní iṣẹ́ ìjọba mọ́, owó ìfẹ̀yìntì ò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa jáde. Nínú ọkọ̀ mo bi ara mi pé kí ló kó mi sí i.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, mo bá Ìyá Ràfátù lórí bẹ́ǹṣì. Fadékẹ́ ní láti ọ̀sán ló ti jókòó síbẹ̀, kò jẹ́ kí òun yẹ ara òun wò, kò gba oògùn, kò sọ ohun tó ń ṣe é.

Mo ju aago sórí tábìlì. Mo ní, "Màmá, kí ló ń dùn yín?"

Ó ní, "Kò sí nǹkan tó ń dùn mí. Mo gbọ́ pé òní niṣẹ́ rẹ parí. Mo ní kí n wá wò ọ́."